Agolo Kọ́kọ́rọ́

Wọ́n ní kí n má mu lálẹ́ yìí.
Wọ́n kọ ọ́ sí bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn:
Ọ̀rọ̀ ọtí, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, Morádékẹ́ ni kí ẹ bi.
Mo gbé àga oníke sí ẹnu géètì ní Àpẹ̀tẹ̀,
mo gbé agolo Máílò lé itan.
Ẹni tó bá gun ọ̀kadà wá, kó ju kọ́kọ́rọ́ sí i.
Ọmọ ọba ni ọ́, ọmọ ọ̀gá ọlọ́pàá ni ọ́,
kí n gbọ́ ohùn irin kó o tó wọlé.
Afárá ìsàlẹ̀ yẹn kò fẹ̀,
odò abẹ́ rẹ̀ ò sì mọ ọmọ Póòlì yàtọ̀ sí òkúta.

Akínlàbí da ògógóró pọ̀ mọ́ sobo,
ó ní adùn ló fi kún un.
Mo gbóòórùn rẹ̀, mo dà á sí gọ́tà.
Ó bú mi, ó bú bàbá tó bí mi.
Mo ní ó ṣeun, kó lọ jẹ ẹ̀wà,
ẹ̀wà wà nínú kúlà tó wà lápá òsì, omi wà ní tọ̀tún.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń kùn.
Wọ́n ní ife méje tí ọmọ tuntun ń gbé mì léraléra,
àṣà ni.
Ọdún mélòó ni àṣà náà?
Ọdún mẹ́rin. Kò tí ì tó ọmọ tí wọ́n ń mú lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi,
a sì ti fi ènìyàn bọ ọ́.

Ní èṣí, nígbà tí ife di mẹ́fà,
Oyèéníran ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí a ò rí.
Ìkeje: àtẹ́wọ́.
A gbé e lọ sí yàrá kẹrìnlá,
a tẹ́ ẹ sórí ẹní, a dá ojú rẹ̀ délẹ̀ òkè
bí ẹni ń ka pákó àjà.
A ní kó sùn, ọtí á dá lójú rẹ̀.
Èmi ni mo pa iná.
Èmi ni mo rọra ti ilẹ̀kùn, kí ariwo wa má baà jí i.
Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ:
Oyèéníran kò sùn,
kò sì pirọrọ.

Ìyá rẹ̀ wá láti Ìgbòọrà.
Kò bi wá nípa ọtí.
Ó ní, Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?
Ogójì ènìyàn ni wá nínú àgbàlá yẹn. Ẹnu kan ò là.

Nítorí náà mo ń kà lálẹ́ yìí.
Mo ka ife. Mo ka orí. A ti fi pákó bo kànga ẹ̀yìnkùlé,
a gbé búlọ́ọ̀kù mẹ́ta lé e.
Ní aago kan ku díẹ̀, Ìyúnadé, ọmọ tuntun, wó lulẹ̀.
Ọmọkùnrin kan ti gbá a lápá mú, ó ní òun mọ ilé rẹ̀.
Mo ní, Kí lorúkọ rẹ̀?
Ó wo ojú mi. Ó wo ilẹ̀.
Ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

A fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà lélẹ̀, a ká orúnkún rẹ̀,
a fi ọwọ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé.
Ṣíjúwadé jókòó tì í,
ó ń ka èémí rẹ̀ bí olórí àjọ tí ń ka owó.
Nígbà tí èémí náà fà jù, a ò bi àgbà kankan léèrè:
Máíkírà tí a ti sanwó òru fún wà níta,
ó gbé e dé ilé ìwòsàn kí n tó rí bàtà mi kejì.
Ó ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ó ń bèèrè fóònù rẹ̀.

Ilẹ̀ ti mọ́. Wọ́n ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan,
ojú wọn pọ́n, ètè wọn gbẹ.
Akínlàbí ní mo ba òru òun jẹ́.
Mo ní kó máa rọra gùn ún.
Ó kù mí nìkan. Mo gbọn agolo wò,
ó ṣì ń dún.
Kọ́kọ́rọ́ kan, ti yàrá kẹrìnlá,
èmi ni mo jù ú síbẹ̀
kí ẹnikẹ́ni tó dé.